Fáìlì Méjì, Orúkọ Kan: Yíyan Iṣẹ́ Àṣekágbá Nínú Ètò Fáìlì

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Òjòwò, Ìjẹ̀bú-Igbó)

  

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ètò fáìlì kò ṣàjèjì sí yín. Òun ló ń mọ ibi tí fáìlì wà lórí dísíìkì, orúkọ tó ń jẹ́, àti ẹni tó lè ṣí i. Ext4, XFS àti Btrfs wà nínú Linux. Ẹnikẹ́ni ló lè ka kóòdù wọn, kó tún un ṣe, kó sì fi àtúnṣe náà ránṣẹ́. Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ìtumọ̀.

Iṣẹ́ àṣekágbá tí ẹ ń yàn ló ń dùn mí. Lọ́dọọdún la ń gbọ́ nípa ètò ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ètò ilé ìkàwé, ètò ilé oògùn. Akẹ́kọ̀ọ́ á gboyè, ètò náà á kú sórí fíláàṣì. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ, àmọ́ ẹ ń fi agbára yín ṣòfò. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe nǹkan ńlá á ní òun fẹ́ kọ ètò fáìlì tuntun. Chris Mason bẹ̀rẹ̀ Btrfs ní ilé iṣẹ́ Oracle ní 2007, ó wọ Linux ní 2009, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ dòní. Kí ni ẹ fẹ́ fi sáà méjì ṣe? Ní 2013, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Wisconsin ní Madison gbé àtúnṣe 5,079 tó wọ ètò fáìlì mẹ́fà nínú Linux yẹ̀ wò. Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn ló jẹ́ ìtọ́jú kóòdù lásán. Ibẹ̀ ni àyè wà fún akẹ́kọ̀ọ́: ohun kékeré tó ń yọ wá lẹ́nu níbí, tí àwọn tó wà níbòmíràn kò tíì fojú rí.

Ẹ wo lẹ́tà kan ṣoṣo, ọ́. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, fún lẹ́tà ọ ní tirẹ̀, U+1ECD. Ó fún lẹ́tà ó ní tirẹ̀, U+00F3. Ṣùgbọ́n kò fún ọ́ ní nọ́ńbà kankan. Nítorí náà, ẹnìkan lè mú ọ kó fi àmì ohùn lé e lórí. Ẹlòmíràn lè mú ó kó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ẹnì kẹta lè mú o lásán kó fi àmì méjèèjì sí i. Báìtì 5 ni ti àkọ́kọ́, 4 ni ti ìkejì, 5 ni ti ìkẹta. Ọ̀kan náà ni lójú wa, Unicode pẹ̀lú sì gbà pé ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n bí ext4 ṣe máa ń ṣe, báìtì ló ń fi wéra: bí báìtì bá ti yàtọ̀, fáìlì yàtọ̀ nìyẹn.

Mo rántí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń gba oríkì sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní agbègbè Ogun Waterside. Mac àtijọ́ tó ń lo ètò fáìlì HFS+ ló kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́, HFS+ a sì máa tú lẹ́tà olámì sí wẹ́wẹ́ kó tó fi orúkọ pamọ́. Nígbà tó kó gbogbo rẹ̀ sórí Linux, ó tẹ orúkọ fódà, ẹ̀rọ ní kò sí. Ó ṣí òmíràn ní orúkọ kan náà, ẹ̀rọ gbà. Bí fódà ṣe di méjì nìyẹn, tí ohùn àwọn àgbà pín sí ọ̀tún àti òsì. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ti di olóògbé nígbà yẹn, ọmọ náà sì rò pé ohùn rẹ̀ ti sọnù títí láé. Ó sunkún níwájú mi.

Àríyànjiyàn pọ̀ lórí èyí, ó sì ti pẹ́. Àwọn kan, tí mo ti bá jiyàn ní ìpàdé púpọ̀, ní kí kánẹ́lì, ọkàn Linux gan-an, máa tún orúkọ wa kọ bí HFS+ ti ń ṣe. Linus Torvalds, tó dá Linux sílẹ̀, kò gbà. Ní 2015 ó bu ẹnu àtẹ́ lu HFS+ ní gbangba. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà nínú èyí, nítorí orúkọ tí mo fún fáìlì mi, kí ẹ̀rọ fi pamọ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo kọ̀ fún àwọn tó ń sọ fún ọmọ Yorùbá pé, "Ẹ kúkú yọ àmì kúrò." Ta ló sọ fún àwọn ará Jámánì pé kí wọ́n yọ ti wọn? A ti ń san owó orí lórí àmì wa tẹ́lẹ̀: orúkọ fáìlì kò gbọdọ̀ ju báìtì 255 lọ lórí ext4, ọ́ 51 péré ló sì kún un bó bá jẹ́ oníbáìtì 5.

Ọ̀nà àárín wà. Ní 2019, Linux 5.2 gbé casefold wọ inú ext4, iṣẹ́ Gabriel Krisman Bertazi. Casefold ń fi orúkọ pamọ́ bí o ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìlànà Unicode ló fi ń wá a. Ìṣòro rẹ̀ ni pé inú fódà òfìfo nìkan la ti lè tan án pẹ̀lú àṣẹ chattr +F, ó sì so ó mọ́ àìka lẹ́tà ńlá àti kékeré sí. Ẹni tó fẹ́ kí ọ́ bá ọ́ mu, tí kò sì fẹ́ kí A di a, kò rí tirẹ̀ níbẹ̀. Ètò fáìlì mìíràn, ZFS, lè ṣe é, àmọ́ ọjọ́ tí a bá dá a sílẹ̀ nìkan la lè yàn án.

Iṣẹ́ rèé, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ kọ irinṣẹ́ tó ń rìn káàkiri fódà, tó ń fi àwọn orúkọ tó jọra hàn láìfọwọ́ kan kánẹ́lì. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àyẹ̀wò fún fstests, àkójọ àyẹ̀wò ètò fáìlì Linux, pẹ̀lú orúkọ Yorùbá, ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a lè gbà kọ ọ́, lórí ext4, XFS àti Btrfs. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka kóòdù irinṣẹ́ xfs_scrub, tó ti ń kìlọ̀ nípa irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lórí XFS. Ẹ kì í fẹ́ ka iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú yín, kò sì dára.

Àkókò ti ń lọ. Iṣẹ́ mìíràn ni ti iná mànàmáná tó ń lọ lójijì: ext3, tó wọ Linux ní 2001, ní jọ́nà, ó ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é, bí alájọ tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé kó tó ju owó sápò. Irinṣẹ́ dm-log-writes inú Linux lè gba gbogbo ìkọ̀wé sórí dísíìkì sílẹ̀, kí ẹ fi wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ níbikíbi láàárín wọn. Iṣẹ́ gidi ni.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ kọ ètò fáìlì tirẹ̀, kó lo FUSE, ọ̀nà láti kọ ètò fáìlì sí òde kánẹ́lì, tó wà nínú Linux láti 2005; bó bá dàrú, kánẹ́lì kò ní bá a lọ.

Ní ti Google Summer of Code, níbi tí Google ti ń sanwó fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí kóòdù tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, láti 2022 kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà mọ́. Ẹ fi àtúnṣe kékeré kan ránṣẹ́ sí iṣẹ́ tí ẹ bá yàn kí ẹ tó kọ ìwé ìbéèrè fún àyè. Alága ti fi aago hàn mí. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó dìde.