Ohùn Ta Ni Ò Ń Tẹ̀lé?

(Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ní Ọbáléndé)

Ọpẹ́ ni fún Allāh. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.



Ẹ wo ibùdókọ̀ wa yìí. Bí kọ̀ńdọ́tọ̀ bá gbá ara dáńfó, awakọ̀ yóò máa lọ. Bí ọmọ ìta bá gbá a ńkọ́, nígbà tí arúgbó ṣì ń gun ọkọ̀? Awakọ̀ tí kò mọ ohùn kọ̀ńdọ́tọ̀ rẹ̀ yóò ṣe arúgbó náà léṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wọ́ ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí rí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, ọ̀wọ́ ọkọ̀ akẹ́rù láti Sweden, Jámánì àti Belgium rìn dé Rotterdam. Bí ọkọ̀ iwájú bá tẹ bíréèkì, rédíò ni ó fi ń sọ fún ti ẹ̀yìn, òun náà yóò sì tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀tá bá ju ọ̀rọ̀ èké sínú rédíò náà, ewu dé.

Èyí kì í ṣe àlá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ní ilẹ̀ Poland, àmì èké orí rédíò dá nǹkan bí 20 ọkọ̀ ojú irin dúró. Ohùn lásán ni àmì náà. Kò sí ẹ̀rí tí a fi lè mọ ẹni tí ó rán an.

Suratu Al-Hujurāt, ẹsẹ 6, pa á láṣẹ kí a wádìí ìròyìn òbìlẹ̀jẹ́, kí a má baà ṣe aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ní ibi. Nítorí náà, kí ọkọ̀ iwájú fi èdìdì àṣírí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ti ẹ̀yìn yẹ èdìdì náà wò, kí ó sì fi rédà, tí í ṣe ojú ara rẹ̀, wo iwájú. Bí etí àti ojú kò bá bára mu, kí ó fà sẹ́yìn. Imāmu ni à ń tẹ̀lé nínú ìrun, síbẹ̀ bí ó bá gbàgbé, èrò ẹ̀yìn a máa ṣe Subhānallāh.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ọkọ̀ tí a lè fi fóònù pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi tírákà sínú ọkọ̀ oníbàárà, àmánà ni ó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ àṣírí tí ó bá ẹ̀rọ náà wá. Ẹ má sì sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́. Ẹni tí ó bá fi ṣeré pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí ń sáré lórí afárá Third Mainland, ẹ̀mí ènìyàn ni ó fi ń ṣeré. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2015 ka wíwọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ sí ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá kò tilẹ̀ rí i, Allāh rí i.

Ẹni tí ó mọ ibi tí olè lè gbà wọlé ni ó yẹ kí ó ṣọ́ ilé. Kí Allāh fi ìmọ̀ yín ṣe ààbò fún àwọn ènìyàn. Āmīn.