Ohun Tí Ojú Kò Rí Nínú Omi Kànga Alímọ̀ṣọ́

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ará Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó



Omi, abùwẹ̀ abùmu, tí ọba ń mu tí tálákà ń mu, tí ẹnikẹ́ni kò lè bá ṣọ̀tá, abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń rí i ní Alímọ̀ṣọ́, kì í ṣe nínú páìpù ìjọba. Ilé-iṣẹ́ omi Ìjù ti wà láti ọdún 1910, a sì kọ́ ti Adíyàn tẹ̀lé e pé kí ó máa pèsè gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 70 lójúmọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá rìn láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìdímù, tó gba Ìkòtún já sí Ìgàndó, táǹkì orí òpó irin ni yóò máa rí nínú ọgbà onílé gbogbo, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń fa omi láti ìsàlẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí ìjọba ìbílẹ̀ yìí, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì ta kò ó pé a ju mílíọ̀nù méjì lọ. Èyí tó wù kí á gbà nínú ìṣirò méjèèjì, orí ilẹ̀ kan náà tí a ti ń gbẹ́ kànga ni gbogbo èrò yìí ti ń gbẹ́ ṣàlángá, nígbà mìíràn láàárín ògiri ọgbà kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo èyí tí ojú rí. Ìyàwó ilé kan ní Ìkòtún fa omi ní ìrọ̀lẹ́, ó mọ́ gaara débi pé ó ń rí ìsàlẹ̀ garawa. Ó gbé e kalẹ̀ di òwúrọ̀, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, awọ fẹ́ẹ́rẹ́ ti bo ojú omi, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa ti sùn sísàlẹ̀, aṣọ funfun tí ó fi omi náà fọ̀ sì ti pọ́n. Irin ni. Níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, irin a máa yọ́ pátápátá sínú omi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, á dípẹtà, á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Irin ló rọrùn jù fún wa nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé òun a máa fi ara rẹ̀ hàn, bí a bá sì jẹ́ kí omi náà gba afẹ́fẹ́ dáadáa kí a tó fi yanrìn sẹ́ ẹ, yóò fi í sílẹ̀.

Àwọn tó kù kì í fi ara hàn. Ìlànà omi mímu tí SON, àjọ tí ń fi ìlànà ọjà lélẹ̀ ní Nàìjíríà, gbé jáde ní ọdún 2007 sọ pé òjé kò gbọdọ̀ ju 0.01 mílígíráàmù lọ nínú lítà omi kan, pé nitrate, tí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ inú ṣàlángá máa ń dà sínú omi, kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ, àti pé kòkòrò inú ìgbẹ́ tí a ń pè ní E. coli kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ rárá. Ìwọ̀n òjé yẹn kò ní àwọ̀, kò ní adùn, kò sì ní òórùn. Ẹni tó bá rántí ohun tí eruku òjé láti ibi ìwakùsà wúrà fi ojú àwọn ọmọdé Zamfara rí ní ọdún 2010, nígbà tí ó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, yóò mọ ìdí tí a fi ń ṣọ́ ìwọ̀n tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ìgàndó, mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí kí n dárúkọ Solous. Bí òjò bá rọ̀ sórí ààtàn ńlá yẹn, yóò gba àárín bátìrì tó ti kú, agolo ọ̀dà àti oúnjẹ tó ti rà kọjá, yóò sì di omi dúdú olóòórùn tí ń wá ọ̀nà ìsàlẹ̀. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Èkó, E. O. Longe àti M. R. Balogun, tẹ ìwádìí wọn lórí omi abẹ́ ilẹ̀ tó yí ààtàn náà ká jáde, ohun tí wọ́n sì bá pàdé kò burú tó bí ẹ̀rù wa ti rò ó: yàtọ̀ sí nitrate, phosphate àti chromium, gbogbo ohun tí wọ́n wọ̀n ló wà láàárín ìlànà. Kí ló gbà wá? Amọ̀ ni. Ilẹ̀ alámọ̀ tó tẹ́ sábẹ́ ààtàn ni wọ́n ní ó ń fa omi dúdú náà sẹ́yìn, tó sì ń sẹ́ ẹ kí ó tó dé ibi tí kànga wà. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé, níwọ̀n ìgbà tí kò sí ọ̀nà gidi tí a fi ń gbá omi náà jọ, ewu ń bọ̀ láìpẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ akólẹ̀ ṣì ń tú ẹrù síbẹ̀. Ní tèmi o, ìkìlọ̀ ni ìwé náà, kì í ṣe ìtùnú, ó sì dùn mí pé ìtùnú inú rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́.

Bí ẹyẹ bá ṣe fò ni à á sọ òkò rẹ̀. Álọ́ọ̀mù tí a ń rà lọ́jà a máa kó ẹrẹ̀ jọ kí ó lè sùn, kì í pa gbogbo kòkòrò. Síse a máa pa kòkòrò, ṣùgbọ́n bí omi bá ti ń hó tó ń fà, bẹ́ẹ̀ ni nitrate inú rẹ̀ ń ki sí i, àwọn ọmọ ọwọ́ tí a fi irú omi bẹ́ẹ̀ po wàrà fún ni ó sì ń ṣe ní ibi jù lọ, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn gbé afẹ́fẹ́ bó ti yẹ. Chlorine, bí a bá fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a máa pa ọ̀pọ̀ kòkòrò. Òjé kò bìkítà fún un. Ẹni tó ń da álọ́ọ̀mù sí kànga tí kò mọ ohun tó wà níbẹ̀, ètè ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Àyẹ̀wò ni kí á kọ́kọ́ ṣe, nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí ẹ dá ibi àyẹ̀wò omi sílẹ̀ fún wa, tí iye owó rẹ̀ kò ní kọjá agbára alágbàṣe.

Amọ̀, bí èyí tó gbà wá ní Solous, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Emmanuel Unuabonah ti Redeemer's University, ní Ẹdẹ, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Potsdam ní orílẹ̀-èdè Jámánì, mú lò. Wọ́n pò ó mọ́ kóró ìbẹ́pẹ, kóró tí a ń tú dànù nígbà tí a bá la èso náà, wọ́n sì fi iná sọ àpòpọ̀ náà di asẹ́. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2013 ni pé, bí omi tó ní máíkírógíráàmù 1,000 nickel nínú lítà kan bá gba inú gíráàmù méjì asẹ́ náà kọjá, kì í ju 7 lọ mọ́ nígbà tí yóò fi jáde. Òjé tó wọlé ní ìwọ̀n kan náà kì í sì í ju 20 lọ. Mo yọ̀ púpọ̀ nígbà tí mo kà á, nítorí ohun tí wọ́n lò kò wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ka ìṣirò náà dópin: 0.01 mílígíráàmù tí ó jẹ́ ìlànà òjé, máíkírógíráàmù 10 ni, 20 sì jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà kò fi èyí pamọ́, ìdí nìyí tí mo fi gba ìyókù ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Òótọ́ ni pé omi tí wọ́n fi dán an wò le ju èyí tí a sábà ń rí nínú kànga lọ fíìfíì, síbẹ̀ omi Ìgàndó gangan, tòun ti irin àti nitrate inú rẹ̀, ni ó yẹ kí á gba inú asẹ́ náà kọjá kí á tó gbé e wá sí ilé ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kì í sábà sọ. Asẹ́ tó ti gba òjé yó ṣe é fọ̀, kí a sì tún un lò, èyí sì wà lára ẹwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tí a fi fọ̀ ọ́ ti di omi òjé, bí a bá sì dà á sí gọ́tà, kànga aládùúgbò ni a dá a padà sí. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí oníṣòwò kan bá wá bẹ̀ wá pé òun fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ irú asẹ́ yìí sí Alímọ̀ṣọ́, ibi tí yóò máa kó omi ìfọ̀ náà sí ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, Kábíyèsí, kí ẹ tó fún un ní ilẹ̀.