Ilẹ̀ Ilé-iṣẹ́ Àtijọ́ Kì í Ṣe Ilẹ̀ Òfìfo

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi ayẹyẹ ọdún mẹ́wàá ẹgbẹ́ wa)

 

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ tí yóò ṣe ìlú láǹfààní. Ọ̀rọ̀ àgbègbè ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà ni mo mú wá, nítorí pé owó tí ọ̀pọ̀ òbí fi rán ọmọ lọ sílé ìwé, ibẹ̀ ló ti wá.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ló dá àgbègbè náà sílẹ̀, kí Ìkẹjà tó bọ́ sábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún 1967. Ní ọ̀nà Ọba Akran àti àyíká rẹ̀, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń po ọ̀dà, wọ́n ń ṣe táyà. Ẹni tó ṣiṣẹ́ òru ń bọ̀ wálé, ẹni tó ń lọ síṣẹ́ òwúrọ̀ ń pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Nígbà tí ètò SAP dé lọ́dún 1986, náírà já wálẹ̀, ẹ̀yà ẹ̀rọ tó ń ti òkè òkun wá sì di ọ̀wọ́n. Iná mànàmáná kò dúró, dísẹ́ẹ̀lì ń jẹ èrè, ọjà òkèèrè kún ìgboro. Lọ́dún 2008, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló kú o; àwọn kan ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọgbà ilé-iṣẹ́ ti di ilé ìkẹ́rùsí, ilé ìjọsìn àti gbọ̀ngàn àríyá. Àwa ẹlẹ́gbẹ́ kúkú mọ̀ ọ́n, a ti jó nínú wọn.

Wàyí o, ọkọ̀ ojú irin Red Line tí wọ́n ṣí ní oṣù kejì ọdún 2024 ní ibùdókọ̀ ní Ìkẹjà. Ibi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé, ilẹ̀ ibẹ̀ a máa gbówó lórí. Àwọn tó fẹ́ wó ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kí wọ́n lè kọ́ ilé alájà púpọ̀ yóò máa pọ̀ sí i. N kò ní kí wọ́n má tún ibẹ̀ ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun mẹ́ta wà níbẹ̀ tó yẹ ká wò kí katakata tó wọlé.

Èkíní ni ohun tó wà nínú ilẹ̀. Ibi tí wọ́n ti po ọ̀dà, tí wọ́n ti da epo àti ásíìdì sílẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, kì í ṣe ibi tí à ń kọ́lé sí láìyẹ ilẹ̀ wò. Ní Zamfara lọ́dún 2010, eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Òrùlé asbestos náà ń bẹ. Bí a bá fọ́ ọ, eruku rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Èkejì ni àwọn ènìyàn. Jórinjórin, mẹkáníìkì àti ìyá olóúnjẹ ti yá igun kan níbẹ̀. Lábẹ́ Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978, ohun tí a kọ́ sórí ilẹ̀ ni owó gbà-má-bínú dá lé. Ẹni tí kò kọ́lé, tí kò ní ìwé, kí ni yóò fi hàn?

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ti Lọ́ńdọ̀nù kọ́gbọ́n. Nígbà tí èbúté àtijọ́ ìlà-oòrùn ìlú náà kú, ìjọba gbé àjọ kan kalẹ̀ lọ́dún 1981 láti tún un ṣe. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin sí i lọ́dún 1987, ilé-ìfowópamọ́ ńláńlá sì kún Canary Wharf. Ibẹ̀ dára lójú. Àmọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ń ráhùn pé iṣẹ́ tó dé kì í ṣe irú èyí tí àwọn mọ̀ ọ́n ṣe, owó ilé sì ga ju agbára àwọn lọ. Bí gbogbo Ìkẹjà bá di ilé gbígbé àti gbọ̀ngàn àríyá, níbo ni ọmọ tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ yóò ti ṣiṣẹ́?

Òfin ètò ìlú Èkó ti ọdún 2010 ti pín iṣẹ́ náà: LASPPPA ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, LASBCA ń bójú tó ilé kíkọ́, LASURA ń bójú tó àtúnṣe àdúgbò tó ti gbó. Ẹ jẹ́ ká béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ wọn: kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò, kí wọ́n ka àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì ya apá kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ nínú àwòrán ètò náà.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nínú ẹgbẹ́ wa, a ní ayàwòrán ilé, a ní agbẹjọ́rò, a ní oníṣòwò. Mo dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú, kí wọ́n béèrè àwòrán náà, kí wọ́n sì jábọ̀ fún wa ní ìpàdé. Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ bá kọ pa pọ̀ wúwo ju ẹjọ́ ẹnì kan lọ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a tún pé jọ ṣe ogún ọdún, kí àwọn ọmọ wa rí iṣẹ́ ṣe nílùú wa.