Orin Kan Náà, Ìrìn Ọ̀tọ̀

Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe fún ọdún 35 ní Ìlú Bìní yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. N kì í ṣe onímọ̀ orin, ṣùgbọ́n mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré. Orin kan sì wà tí èmi àti òun bára wa ṣọ̀tá fún ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Orin ohun èlò ni, kò ní ọ̀rọ̀. Johann Pachelbel, ọmọ Jámánì, ló kọ ọ́. Wọ́n bí i ní 1653, ó sì kú ní 1706. Canon ni wọ́n ń pe orin náà, D major sì ni kíì rẹ̀. Fáyólìn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan á ṣáájú, èkejì á máa tún ohun tí èkíní sọ wí, ẹ̀kẹta á tẹ̀lé wọn. Ohùn ìsàlẹ̀ ń tún ohun kan ṣoṣo wí lábẹ́ wọn. Ẹ̀yin akọrin, bó ṣe rí ní sol-fa nìyí: d, s, l, m, f, d, f, s. Ohùn mẹ́jọ péré ni, ìgbà 28 ló sì wá. Ẹni tó mọ ìlù dùndún ti mọ èyí: omele kì í kúrò lójú kan, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Ìyàwó mi fẹ́ràn orin yìí púpọ̀. Síídì rẹ̀ wà nílé wa, èyí tí ẹgbẹ́ Jean-François Paillard ní ilẹ̀ Faransé gbà sílẹ̀ ní 1968, tó sọ orin náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó falẹ̀ gan-an. Ó gbà tó ìṣẹ́jú 7. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 28 lọ́nà 8 jẹ́ 224, nítorí náà ohùn ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń lò tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn oúnjẹ, ìyàwó mi á gbé e sí i, á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní 2009, Ọlọ́run pè é. Ẹni ọdún 46 ni. Òkú ọ̀fọ̀ ni, kì í ṣe òkú ìnáwó. Àwọn ọmọ gbé síídì náà sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n ń gbé pósí wọlé. Ẹ kúkú mọ etí Yorùbá: a kì í gbọ́ ìlù kí a má wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ohùn mẹ́jọ yẹn ń sọ fún mi pé, “Ó ti lọ, kò ní padà mọ́.” Ìgbà 28 ló sọ ọ́. Nígbà tí a délé, mo ti síídì náà mọ́ inú àpótí.

Ní 2018, ọmọbìnrin mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Ó ní orin yẹn ni òun fẹ́ fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní rárá, orin òkú ni. Ó ní, “Dádì, orin Mọ́mì ni.” N kò dá a lóhùn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí-ni-kí-ni nìkan ló kù láàárín wa. Lọ́jọ́ kan ó gbé fóònù rẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbọ́ èyí.” Orin náà ni, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Musica Antiqua Köln ti Jámánì, tí Reinhard Goebel ṣáájú, ló gbà á sílẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú 4 tó fi parí. N kò tilẹ̀ dá a mọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ṣe ni ẹsẹ̀ mi ń jó nílẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n yí kíì rẹ̀ padà ni. Wọn kò yí i. D major náà ni. Àwọn tó ń lo ohun èlò irú ti ayé àtijọ́ sábà máa ń dẹ okùn wọn díẹ̀ sílẹ̀: ohùn A tó ń gbọ̀n ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan lónìí, 415 ni wọ́n máa ń fi í sí. Nítorí náà, ohùn wọn á lọ sílẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Bó bá jẹ́ pé ohùn tó lọ sílẹ̀ ló ń mú ìbànújẹ́ wá, irú èyí ni ì bá pa mí lẹ́kún. Ẹ wo ìyáàlù: bí awọ rẹ̀ le, bó dẹ̀, oríkì tó ń kì kò yí padà. Bí ohùn kan ṣe ga sí èkejì ni a fi ń gbọ́ ọ. Ohun tí T. K. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Èkó láti 1914 sí 1962, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lé lórí nìyẹn: kí orin ṣọ́ọ̀ṣì máa gòkè, kó sì máa sọ̀ kalẹ̀, bí ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe ń ṣe.

Ìyára rẹ̀ ló yàtọ̀. Orin ijó kan, Gigue, ni Pachelbel fi tẹ̀lé Canon yìí. Ẹni tó fi ijó ti orin lẹ́yìn, èmi kò rò pé òkú ló ń ronú lé. Ṣùgbọ́n n kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru ìfàlẹ̀ náà. Èyí tó falẹ̀ yẹn kan náà ni ìyàwó mi ń gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi ni mo wọ aṣọ ọ̀fọ̀ fún un, tí n kò sì bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀.

Mo gbà fún ọmọ mi. Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló ta fáyólìn lọ́jọ́ náà. Wọn kò yára bíi ti Jámánì, wọn kò sì falẹ̀ bíi ti Faransé; bí ìyàwó ṣe ń rìn ni wọ́n ń ta á. Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú, mo sì tún gbọ́ ohùn mẹ́jọ náà. Ohun tí wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn ni pé, “Ó ti lọ sílé ọkọ rẹ̀.” Mo sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún náà kò korò.

Ẹ̀yin òbí, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Bí orin kan bá ń dùn yín lọ́kàn, ẹ wá a gbọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó ta á lọ́nà mìíràn kí ẹ tó lé e jáde nílé. Bí ẹ bá sì ti ti ohun kan mọ́ àpótí nítorí ọ̀fọ̀, ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè bóyá ohun tí ẹ tì mọ́ ibẹ̀ kì í ṣe tiwọn náà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí orin ayọ̀ tán nílé wa o.