Iye Ebè Kọ́ Ni Iye Iṣu: Bí A Ṣe Lè Wọn Iṣẹ́ Ìwádìí Ìjọba Lórí Àyíká Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọba, ìjòyè àti ọmọ ẹgbẹ́

   

Ìjọba ń náwó lórí ìwádìí: ìwádìí omi, ìwádìí ilẹ̀, ìwádìí igbó, ìwádìí òjò. Owó gbogbo wa ni owó yẹn.  Báwo wá ni a ó ṣe mọ̀ bóyá ìwádìí náà ń ṣe wá láǹfààní? Ohun tí mo wá sọ kò ju ọ̀kan lọ: kí a má ṣe fi iye ìwé tí wọ́n kọ wọn ìwádìí. Ìyípadà tó bá dé bá omi, oko àti àpò ará ìlú ni kí a fi wọ̀n ọ́n. Àwa ará ìlú sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀tọ́ wa ni láti béèrè. Òfin ìpilẹ̀ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1990, ní abala 27, sọ pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dára fún ìlera, tó tẹ́ni lọ́rùn, tó sì máa wà pẹ́. Ó ní ojúṣe kálukú ni láti dáàbò bò ó, kí Ìjọba sì máa bójú tó o. Ẹni tí òfin ní kó dáàbò bo nǹkan, ṣé kò yẹ kó mọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe wà ni?

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ṣe máa ń jíhìn. Kì í ṣe níbí nìkan, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọ̀pọ̀ ibi láyé. Wọ́n á ní: ìwé báyìí la kọ, ìpàdé báyìí la ṣe, èèyàn báyìí la kọ́, owó báyìí la ná. Ìyẹn náà dára, ó ń fi hàn pé wọn ò sùn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ka ẹgbẹ̀rún ebè kò tíì ka iṣu kan. Ìwádìí tó bá wà nínú àpótí ní Kutọnu, tí ẹni tó ń dáko ní Ṣábẹ̀ẹ́ kò gbúròó rẹ̀, ebè lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá, nílẹ̀ wa níbí, tí iṣu rẹ̀ ṣeé kà. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ mọ koríko ojú omi tí àwọn Faransé ń pè ní jacinthe d'eau. Kì í ṣe ojú oró, kì í ṣe òṣíbàtà. Àlejò ni, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Nígbà tó gbilẹ̀ lórí omi gúúsù Bẹ̀nẹ̀, ó dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi, ó ba iṣẹ́ apẹja jẹ́, ó sì pa ọjà àwọn ìyá wa lára. Fífi ọwọ́ yọ ọ́ ń náni lówó, fífi oògùn pa á náà ń náni lówó. Iléeṣẹ́ ìwádìí IITA, tó ní ibùdó ní Kàlàví, wá gba ọ̀nà mìíràn. Láàárín 1991 sí 1993, wọ́n tú irú kòkòrò mẹ́ta tó ń jẹ koríko náà sílẹ̀. Méjì jọ kòkòrò tó máa ń jẹ àgbàdo nínú àpò, ẹ̀kẹta sì jẹ́ irú labalábá kan tó ń fò lóru.

Ní 1999, wọ́n padà lọ wo àbájáde rẹ̀. Kò tẹ́ wọn lọ́rùn láti ka kòkòrò. Wọ́n lọ bá ọkùnrin àti obìnrin 365 ní abúlé 24, wọ́n ní: kí lẹ pàdánù, kí lẹ rí gbà padà? Àwọn ará abúlé ní koríko náà kò tán, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyọnu ńlá mọ́. Nínú ohun tí wọ́n sọ ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀ pé nígbà tí koríko náà le jù, nǹkan bíi mílíọ̀nù 84 dọ́là Amẹ́ríkà ló ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn àgbègbè náà lọ́dọọdún. Wọ́n tó 200,000 èèyàn. Iṣẹ́ kòkòrò yìí dá mílíọ̀nù 30.5 dọ́là padà fún wọn lọ́dún kan. Gbogbo owó tí wọ́n ná lé e lórí jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.09 dọ́là. Bí àǹfààní náà bá dúró bẹ́ẹ̀ fún ọdún 20, dọ́là kan tí wọ́n ná á mú 124 wálé. Ẹ ò rí i? Iṣu rèé!

IITA kì í ṣe iléeṣẹ́ ìjọba wa, ti àgbáyé ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà wọn iṣẹ́ wọn ló yẹ ká gbé síwájú ìjọba wa. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni mo rí níbẹ̀.

Èkíní, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni wọ́n bi, tọkùnrin tobìnrin. Nínú ẹja pípa ni àwọn ọkùnrin ti pàdánù jù. Nínú òwò ni ti àwọn obìnrin, pàápàá òwò oúnjẹ àti ẹja. Ká ní apẹja nìkan ni wọ́n bi, àdánù àwọn ìyá wa kò ní í wọ ìwé rárá.

Èkejì, wọ́n ní sùúrù. Kòkòrò kì í jẹ odindi ọ̀sà tán lóṣù mẹ́ta. Ká ní ọdún kan péré ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, wọn ì bá ti sọ pé iṣẹ́ náà kò yọrí, owó rẹ̀ ì bá sì ti dáwọ́ dúró.

Ẹ̀kẹta, ọ̀sà ní àsìkò tirẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á gba Kutọnu wọ ọ̀sà Nokué, iyọ̀ á sì pa koríko náà. Bí odò Wẹ̀mẹ̀ bá kún, tí omi dídùn wọlé, koríko á tún yọ. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n nígbà omi kíkún, tó tún padà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á ní òun ti ṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ ló ṣiṣẹ́. Oṣù kẹwàá ọdún yìí, oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni kí a fi wé e.

Ẹ̀kẹrin, ibi tí iṣẹ́ náà kù sí: ìrántí ni àwọn ará abúlé fi dáhùn nípa ìgbà àtijọ́. Ìrántí dára, ṣùgbọ́n ó máa ń yẹ̀. Àkọsílẹ̀ ló dára jù, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé báyìí. Ṣábẹ̀ẹ́ wà lára ibùdó ńlá mẹ́fà tí wọ́n ti ń wo ojú ọ̀run ní Bẹ̀nẹ̀. Pobẹ̀ ní ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ láti 1922, abẹ́ INRAB ló wà lónìí. Inú ilé wa ni wọ́n wà! Ìbéèrè tiwa kò le: àgbẹ̀ mélòó ló gbọ́ ìròyìn òjò kó tó gbin àgbàdo? Mélòó ló tìtorí rẹ̀ yí ọjọ́ ìgbìn padà? Kí ni wọ́n kó wálé? Ilẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò, ṣé ó ti sàn ju ti tẹ́lẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́ o. Ìwádìí tó bá sọ pé ọ̀nà báyìí kò dára, tí kò jẹ́ kí ìjọba fowó ṣòfò, iṣu nìyẹn náà. Bí olùwádìí bá sì ti kìlọ̀, tí àwọn aláṣẹ kò gbọ́, kí a má bá olùwádìí jà. Aláṣẹ ni kó jíhìn. Nítorí náà ni wíwọ̀n fi ṣe pàtàkì. Bí kò bá sí i, iṣẹ́ rere kò ní ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gé owó rẹ̀, iṣẹ́ tí kò wúlò á sì máa jẹun lọ.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa gbé dìde. Àkọ́kọ́, kí iṣẹ́ ìwádìí kankan tó wọ abúlé, ká kọ bí nǹkan ṣe wà sílẹ̀: jíjìn omi kànga, ẹja òòjọ́, ìkórè oko. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ baálẹ̀. Ìkejì, kí àwọn aṣojú wa nínú ìgbìmọ̀ komínì máa béèrè lọ́dọọdún pé: ìṣòro wo lẹ wádìí, kí lẹ rí, ta ló ti lò ó, kí ló yí padà? Ìkẹta, kí àbájáde padà wá bá wa ní èdè wa, láàfin, lọ́jà àti lórí rédíò, kì í ṣe ní Faransé nìkan.

Ẹ̀yin ọba wa, bí ẹ bá ránṣẹ́ pe àwọn olùwádìí, wọn á wá. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọn á dáhùn. Ọ̀rọ̀ di ọwọ́ yín o. Kí ilẹ̀ wa má bàjẹ́, kí omi wa má gbẹ.