ÀMÁNÀ TÍ Ó WÀ NÍNÚ FÓÒNÙ WA

   

Ọ̀rọ̀ fóònù ni a fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tó wà nídìí rédíò á ti máa sọ pé, "Àfáà tún ti dé, wọ́n fẹ́ ní ká kó fóònù dànù." Rárá o. Ẹ fara balẹ̀.

Ní ọdún 2022, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ààwẹ̀ wọlé, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Ìṣáì tán ni, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọ fóònù mi. N kò mọ nọ́ńbà tí ó ti wá. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé obìnrin kan báyìí, wọ́n dárúkọ rẹ̀, wọ́n dárúkọ bàbá rẹ̀, olè ni, gbájúẹ̀ ni, ó ti kó owó àwọn sá lọ, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀ ọ́n kìlọ̀ fún un kó tó pẹ́ jù. Mo mọ̀ ọ́n. Aránṣọ ni, òun ló ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ wa. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sórí rédíò. Ó ní kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ òun.

Kí ni mo ṣe? Mo na fóònù sí ẹni tí ó jókòó tì mí. Mo ní, "Ẹ wo nǹkan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi." Àánú ni mo pè é nígbà náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé etí àwọn àna rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni kò fi ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi lọ bá a nílé, ó sọ bí ó ṣe jẹ́. Ó fẹ́ ra òwú àti aṣọ sílẹ̀ de iṣẹ́ ọdún Ìtúnu, owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ó wá rí áàpù kan tí ń yáni lówó láìsí onídùúró, láìwá sí ọ́fíìsì, kíá báyìí. N20,000 ló tọrọ. Wọ́n ti yọ èlé wọn níwájú, N14,000 ló bọ́ sí i lọ́wọ́, wọ́n sì ní kí ó dá N20,000 padà lọ́jọ́ keje. Ọjọ́ keje pé, oníbàárà tí ó jẹ ẹ́ lówó kò tíì san. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ni wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù rẹ̀: àna rẹ̀, nọ́ọ̀sì tí ó gbẹ̀bí rẹ̀, ẹni tí ó ń ta èlùbọ́ fún un, àti èmi.

Ìyàwó mi bi í léèrè pé, "Ta ló fún wọn ní nọ́ńbà wa?" Ó ní òun kò mọ̀. Òun ni. Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ ṣí áàpù náà, ó bi í bóyá kí òun wo gbogbo nọ́ńbà tí ó kọ sínú fóònù. Ó tẹ ibi tí wọ́n kọ 'Allow' sí, bí gbogbo wa ti ń tẹ̀ ẹ́, nítorí pé bí kò bá tẹ̀ ẹ́, wọn kò ní yá a lówó.

Ẹ wò ó, nínú Súrátù Núúr, áyà 27, Ọlọ́hun kọ́ wa pé kí á má wọ ilé onílé títí a ó fi tọrọ àyè, tí a ó sì sálámà sí àwọn ará ilé. Áàpù yẹn tọrọ àyè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ta ni? Ilé mi ló fẹ́ wọ̀, ọwọ́ aránṣọ ló ti gba kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí mo fún aránṣọ ní nọ́ńbà mi, nítorí aṣọ ọmọ ni. Àmánà ni mo fi sí i lọ́wọ́. Òun kò mọ̀ pé àmánà ni, èmi gan-an kò sì mọ̀. Ẹ bá mi ka iye nọ́ńbà tí ó wà nínú fóònù yín lálẹ́ òní. Ẹlòmíràn á ní ọ̀ọ́dúnrún. Àmánà ọ̀ọ́dúnrún èèyàn nìyẹn, bí ẹ bá sì tẹ 'Allow', ẹ ti fi gbogbo wọn lé ẹni tí ẹ kò rí rí lọ́wọ́.

Èmi kì í sáré sí nǹkan tuntun. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni GSM ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni mo ń lò lọ́dún 2022 yẹn, kò sí áàpù kankan lórí rẹ̀. Mo rò pé mo ti bọ́. Àṣé ẹni tó ṣọ́ra kò bọ́, nítorí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù àwọn tí kò ṣọ́ra.

Ọ̀wọ́n owó ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ló lé mi dé ìdí fóònù ńlá. Ẹ rántí: owó tuntun jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 2022, wọ́n ń kó ti àtijọ́ nílẹ̀, tuntun kò sì tó, títí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 2023 pé kí á ṣì máa ná ti àtijọ́. Mo gbé iṣu lọ sọ́jà, oníbàárà wà, owó kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "Àfáà, ṣé kí n ṣe tiransífáà?" ni wọ́n ń bi mí. Iṣu a máa jẹrà. Mo ra fóònù. N kò ní purọ́, ó wúlò: owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Èkó ń dé kí n tó mumi tán.

Ṣùgbọ́n ojú mi ti là. Ọmọ mi fi áàpù àkókò ìrun sí i fún mi. Ó béèrè ibi tí mo wà. Mo gbà, nítorí pé láìmọ ibi tí èèyàn wà, kò lè mọ àkókò ìrun, kò sì lè mọ ọ̀gangan Kíbúlà. Áàpù tọ́ọ̀ṣì wá ní òun fẹ́ wo nọ́ńbà àwọn èèyàn mi. Tọ́ọ̀ṣì! Kí ni iná fẹ́ fi nọ́ńbà ìyá mi ṣe? Mo ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ìbéèrè tí mo ń bi wọ́n kò ju ìyẹn lọ: kí lo fẹ́ fi ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ ti tẹ 'Allow' kiri, ẹ lè gbà á padà. Ẹ ní kí ọmọ yín bá yín wọ 'Settings', kó wá ibi tí wọ́n kọ 'Permissions' sí, kó máa fi hàn yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìjọba náà kò sùn tán. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ayánilówó orí fóònù kan lórí irú ìwà yìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2022, nínú oṣù tí àtẹ̀jíṣẹ́ tèmi wọlé gan-an, àjọ FCCPC tí ń gbèjà oníbàárà ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ ní Opebi, n'Ìkẹjà. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni wọ́n ṣe ìlànà pé kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2023, Google kò gbà kí áàpù ayánilówó tó wà ní ọjà rẹ̀ wo nọ́ńbà tàbí fọ́tò inú fóònù mọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún kan náà ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tí ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ẹni. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń gba ẹ̀yìnkùlé: wọ́n á fi áàpù ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò gba ọjà Google kọjá rárá. Ẹ má fi irú rẹ̀ sórí fóònù.

Ti èlé, ẹ ti mọ̀ ọ́n, haráàmù ni, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé nínú Súrátù Bákárà, láti áyà 275 dé 282, ojú kan náà ni èèwọ̀ èlé, sùúrù fún ajigbèsè tí ara ń ni, àti kíkọ gbèsè sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí wà. Bí a bá ní kí aránṣọ má lọ sí ìdí áàpù, níbo ni kó lọ? Ìbéèrè yẹn ló mú kí ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí yá ará lówó láìsí èlé lọ́dún 2022 náà. Owó ọ̀hún kò pọ̀, ẹlòmíràn sì ń pẹ́ kó tó san, ó ń bí wa nínú nígbà mìíràn. A kì í kéde orúkọ wọn.

Ó wá ku tèmi. Súrátù Hújúrátì, áyà 6, ní kí á wádìí ìròyìn kí á tó gbà á. Áyà 12 kọ̀ fún wa kí á máa sọ ọmọnìkejì lẹ́yìn. Mo ti fi méjèèjì ṣe wáàsí láìmọye ìgbà. Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tí mo na fóònù sí, a jọ lọ sílé àwọn tí òun náà sọ fún, ilé méje, a ń sọ fún wọn pé irọ́ ni, pé gbèsè ọjọ́ méjì kì í ṣe olè. A dé Ìsẹ́yìn. Mo wá lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aránṣọ fúnra rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Àfáà, mo ti forí jìn yín. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ mọ̀ mí jù nínú gbogbo àwọn tí wọ́n kọ ọ́ sí."

Ó ti san owó wọn, ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó pa ọ̀pọ̀ nọ́ńbà rẹ́ nínú fóònù rẹ̀ lọ́dún náà, tèmi sì wà lára wọn. Títí di òní kò tíì kọ ọ́ padà. Bí aṣọ ọmọ bá ya, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ bá a.