Ẹ Jẹ́ Ká Kọ Bí A Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Ẹgbẹ́ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ọjọ́ àjọ̀dún

   

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa iṣẹ́ ẹgbẹ́. Mi ò ní pẹ́, torí èmi náà ti ń gbọ́ òórùn ìrẹsì láti ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá. Iṣẹ́ tó bá wà nínú orí ẹnì kan ṣoṣo, ti ẹni yẹn ni, kì í ṣe ti ẹgbẹ́. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá, tàbí tó bá rìnrìn àjò, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Kí iṣẹ́ tó lè di ti gbogbo wa, àfi ká kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Akọ̀wé, ṣebí a ní ìwé òfin ẹgbẹ́?" Bẹ́ẹ̀ ni, a ní. Ṣùgbọ́n òfin yàtọ̀ sí ìlànà iṣẹ́. Òfin sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ lè yá owó. Kò sọ ẹni tí yóò gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀, kò sọ ẹni tí yóò lọ wo ìsọ̀ onídùúró, kò sì sọ iye ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ fi jáde. Òfin ní ká se ọbẹ̀. Ìlànà ló máa sọ ìgbà tí epo ń wọ ìkòkò àti ìgbà tí iyọ̀ ń tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ọlọ́jà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kóńgò ni gbogbo wa fi ń wọn gàrí àti ẹ̀wà. Ẹ mọ ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá lu ìdí kóńgò tirẹ̀ wọnú. Ohun tí oníbàárà ń fẹ́ kò ju kí kóńgò tòní rí bíi tàná, kí ti ìsọ̀ yìí rí bíi ti ìsọ̀ kejì. Ìlànà tí a bá kọ sílẹ̀ ni kóńgò ẹgbẹ́.

Ẹ má sì rò pé àwọn tí kò mọṣẹ́ nìkan ni ìwé wà fún. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1935, ọkọ̀ òfuurufú ńlá kan tí Boeing ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe já lulẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, bó ṣe ń gbéra. Àwọn tó ń wà á kì í ṣe ọmọ iṣẹ́, ọ̀gá ni wọ́n. Ohun kan ni wọ́n gbàgbé: wọn kò tú ohun tí wọ́n fi ń de ọkọ̀ náà nígbà tó bá wà nílẹ̀, kí atẹ́gùn má baà bà á jẹ́. Èèyàn méjì bá a lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò wá awakọ̀ tó gbọ́n jù wọ́n lọ. Ìwé pélébé ni wọ́n kọ, wọ́n to gbogbo ohun tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò sínú rẹ̀. Títí dòní, awakọ̀ òfuurufú tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe iṣẹ́ náà ṣì máa ń lo irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó tó gbéra.

Ọdún 1935 yẹn kan náà ni ìjọba ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lọ sílé ìwé, síbẹ̀ wọ́n gbà pé ẹgbẹ́ tó ń kó owó jọ gbọ́dọ̀ ní ìwé tí ẹni òde lè yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká wálé wàyí. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, tí a kò rí owó gidi ná, tí àwọn kan ń fi owó ra owó. Ọ̀pọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù san owó ẹgbẹ́. Ìyá kan san ₦5,000, fóònù ọmọ rẹ̀ ló fi san án, orúkọ ọmọ ló sì wọlé. Ẹlòmíràn ní kí oníbàárà òun san gbèsè tó jẹ òun tààrà sínú àkáǹtì ẹgbẹ́. Owó wà ní báńkì, a kò mọ ẹni tó ni ín. Kò sí olè níbẹ̀. Ìlànà tí a ní, owó ọwọ́ nìkan ló wà fún. Ìgbìmọ̀ wá lẹ ìlà mẹ́ta mọ́ ara ògiri: kọ nọ́ńbà rẹ nínú ẹgbẹ́ sí ibi tí fóònù ti ń béèrè ìdí tí o fi ń fi owó ránṣẹ́, mú ẹ̀rí owó náà wá sí ìpàdé, a kò ní kọ owó sínú káàdì rẹ títí akápò yóò fi rí i nínú àkáǹtì, torí álẹ́ẹ̀tì lásán kì í ṣe owó. Ìlà mẹ́ta péré ni o, àríyànjiyàn sì rọlẹ̀.

Báwo la ó ṣe wá kọ ìyókù?

Ìkínní, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an ni kó sọ bó ṣe ń ṣe é. Kí ẹni tó ń kọ̀wé jókòó tì í lọ́jọ́ ìpàdé, kó máa wò ó. Nǹkan tí ọwọ́ ti mọ́ lára, ẹnu máa ń gbàgbé rẹ̀.

Ìkejì, ìlà kan fún iṣẹ́ kan, ká sì dárúkọ ipò ẹni tí yóò ṣe é. Bí a bá kọ pé "ká máa tọ́jú owó dáadáa," àdúrà la gbà yẹn. Àpẹẹrẹ ohun tí mo ń sọ nìyí, fún owó ọjọ́ ìpàdé:

1. Ọmọ ẹgbẹ́ yóò fi owó àti káàdì rẹ̀ lé akápò lọ́wọ́.
2. Akápò yóò ka owó náà sókè lójú rẹ̀.
3. Akọ̀wé yóò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá àti sínú káàdì, yóò sì fọwọ́ sí i.
4. Ọmọ ẹgbẹ́ yóò wo káàdì rẹ̀ kó tó kúrò nídìí tábìlì.
5. Bí ìpàdé bá parí, akápò àti ọmọ ìgbìmọ̀ kan yóò jọ ka gbogbo owó. Akọ̀wé yóò ro ìwé ńlá pọ̀.
6. Bí owó àti ìwé kò bá dọ́gba, ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní lọ sílé títí wọn yóò fi wá ìdí rẹ̀, tàbí tí wọn yóò fi kọ àlàfo náà sílẹ̀ kí alága sì fọwọ́ sí i.
7. Ẹni méjì ni yóò gbé owó lọ sí báńkì lọ́jọ́ kejì, wọn yóò sì mú ìwé báńkì padà.

Ìkẹta, ẹ ò rí i pé ìlà kẹfà sọ ohun tí a ó ṣe bí nǹkan bá wọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé kì í dé, ibẹ̀ náà ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìkẹrin, ẹ gbé ìwé náà fún ẹni tó kéré jù nínú ìgbìmọ̀, kó fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan láì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ibi tó bá ti dúró tó ń wojú yín, ibẹ̀ ni ìwé ti kù díẹ̀ káàtó.

Ìkarùn-ún, kí ọjọ́ tí a kọ ọ́ wà lórí rẹ̀, ká máa tún un wò lọ́dọọdún, ká sì kó ti àtijọ́ kúrò nílẹ̀. Ìwé méjì tó ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ burú ju àìsí ìwé lọ.

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ ká fi ṣáájú, ẹ̀yin ọmọ àti ẹ̀yin ọkọ wa náà, ẹ dákun, ẹ gbọ́ o. Gbogbo wa la ó lọ lọ́jọ́ kan, Ọlọ́run á jẹ́ kó pẹ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá papò dà, kí ni ẹbí rẹ̀ yóò ṣe? Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fàyè gbà á kí ọmọ ẹgbẹ́ yan ẹni tí owó rẹ̀ yóò kàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tú fọ́ọ̀mù yẹn jáde? Ìwé wo ni ẹbí yóò mú wá? Bí olóògbé bá jẹ ẹ̀yáwó, báwo la ó ṣe yọ ọ́, ta ni yóò sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹbí? Iye ọjọ́ mélòó ni wọn yóò fi dúró? Kò yẹ kí ọmọ tó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ máa ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, kó máa bi àwọn ìyá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló mọ owó ìyá mi?"

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan ń rò ó lọ́kàn pé, "Ṣé wọn ò fọkàn tán wa mọ́ ni?" Ẹ̀yin ìyá mi, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ń dáàbò bo ẹni tó ń kówó lọ́wọ́. Akápò tó bá tẹ̀ lé ìlà méje yẹn, tí ẹnì kejì sì fọwọ́ sí i, kò sí ẹnu tó lè bà á lórúkọ jẹ́. Ẹni tó ń ṣe òdodo láìní ìwé ni mo ń bẹ̀rù fún.

Fún àwọn tí kò kàwé, Yorùbá la ó fi kọ ọ́, a ó sì máa kà á sókè ní ìpàdé lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀yin gan-an ni ẹ ó máa ṣọ́ akọ̀wé.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ìpàdé tó ń bọ̀ yan èèyàn mẹ́ta, àgbà kan, ọmọ ìgbìmọ̀ kan, àti ọ̀dọ́ kan tó mọ ìwé í kọ. Kí wọ́n kọ iṣẹ́ mẹ́ta kí oṣù mẹ́ta tó pé: owó ọjọ́ ìpàdé, ẹ̀yáwó, àti owó ọmọ ẹgbẹ́ tó bá dolóògbé. Ìyókù á máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀.

Ẹgbẹ́ á gòkè, ọjà á tà, a ò ní fi owó wa ṣe oògùn.